Èwo Ni Wọ́n Á San, Èwo Ló Jìnnà Jù? Bí A Ṣe Ń To Òfò Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Nígbà tí mọ́tò bá gbá èèyàn, òfò kì í dúró lójú kan. Ọwọ́ á ṣẹ́, owó ilé ìwòsàn á tẹ̀ lé e, ọjà á dúró, onílé ṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn, ọmọ á jókòó sílé nítorí owó ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ ni ẹni tó fara pa máa ń fẹ́ kó lé ẹni tó gbá a lórí, kò sì ṣeé bá wí. Àmọ́ òfin ní ibi tó ti ń fa ìlà. Èyí tó wà nínú ìlà ni wọ́n á san. Èyí tó bọ́ sóde, bó ti wù kó dunni tó, òfin á ní ó ti jìnnà jù. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ìlà náà wà kí ẹ tó dé iwájú adájọ́, àti irú ẹ̀rí tó lè mú kí òfò yín bọ́ sínú rẹ̀. Ẹjọ́ àìbìkítà ní Nàìjíríà là ń sọ, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ Ìlú Ọba.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn adájọ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìbéèrè adájọ́ kò yàtọ̀ sí èyí: ẹni tó ṣe àìbìkítà yìí, ṣé ó yẹ kó ti rí irú ìpalára yìí láti òkèèrè? Kì í ṣe ohun tí òun gan-an rí ni wọ́n ń wò. Awakọ̀ tó ní òun ò mọ̀ pé búréèkì òun ti kú kò rí ibi sá sí, torí ohun tó yẹ kí awakọ̀ tórí ẹ̀ pé rí ni òṣùwọ̀n.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Polemis ní 1921, pátákó kan já bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, iná ṣẹ́ lára èéfín pẹtiróòlù tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ jóná ráúráú. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní bí òfò bá ṣáà ti ti ara àìbìkítà wá tààrà, kí wọ́n san án, ì báà ṣeé rí tẹ́lẹ̀ tàbí kó má ṣeé rí. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ Wagon Mound yí i padà. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ da epo dúdú tó ki sójú omi ní èbúté Sydney lọ́dún 1951. Omi gbé epo náà dé ibi tí àwọn míì ti ń jó irin. Iná ta sí òwú tó léfòó lórí epo, òwú ràn, epo ràn, èbúté jóná. Ní 1961, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń jẹ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé irú epo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á rò pé ó lè gbiná lórí omi, nítorí náà àwọn tó da epo kò ní san owó iná. Nígbà náà, iwájú ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ẹjọ́ Nàìjíríà máa ń parí sí. Ọdún 1963 la tó já kúrò lábẹ́ wọn. Ìlànà Wagon Mound sì ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ń bá ṣiṣẹ́ títí dòní.

Apá kejì ìtàn yìí ló yẹ kí olùpẹjọ́ mọ̀ sórí, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í kà dé. Iná kan náà jó ọkọ̀ ojú omi méjì tó so mọ́ èbúté yẹn. Àwọn tó ni wọ́n náà pẹjọ́, ẹjọ́ tiwọn sì dé Privy Council ní 1966. Wọ́n jàre. Iná kan náà, epo kan náà, ẹlẹ́bi kan náà! Ẹ̀rí ló yàtọ̀. Àwọn tó ni èbúté, tí wọ́n kọ́kọ́ pẹjọ́, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣeé rí tẹ́lẹ̀ pé epo á gbiná, torí àwọn fúnra wọn ló ń jó irin lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò dáwọ́ dúró. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní irú ìdè yẹn. Wọ́n mú ẹ̀rí wá pé ẹnjiníà ọkọ̀ náà yẹ kó mọ̀ pé iná lè ràn bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àti pé dídí epo náà kò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀rí tí ẹ bá mú wá ló ń sọ bí òfò ṣe jìnnà sí.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ èyíkéyìí

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa òpó mẹ́rin: ohun tó ṣòfò, iye rẹ̀, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́, àti okùn tó so ó mọ́ ìjàǹbá. Òpó kẹrin yìí làwọn èèyàn kì í kọ, òun sì ni ẹjọ́ máa ń dúró lé.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní télọ̀ obìnrin kan jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí ẹsẹ̀, dánfó tí búréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ gbá wọn látẹ̀yìn. Eegun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ìwé rẹ̀ á lọ báyìí: owó ilé ìwòsàn ₦480,000. Owó ọkọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, ìgbà 14, ₦4,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦56,000. Ẹ̀rọ tó fọ́: kì í ṣe iye tí tuntun ń lọ lọ́jà ni kó kọ, bí kò ṣe iye tí tirẹ̀ tó ti lò yẹn tó kó tó fọ́, ká ní ₦130,000. Èrè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 5. Aṣọ ẹbí èèyàn 30 tó ti gbà tẹ́lẹ̀, ₦7,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦210,000. Ṣọ́ọ̀bù tí onílé gbà torí owó kò wọlé. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà Kánádà tí kò lè lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà tó gbọ́ ìròyìn náà lórí fóònù.

Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin, ní títẹ̀léra. Bí dánfó kò bá gbá a, ṣé òfò yìí á wáyé? Ṣé irú òfò tí awakọ̀ tórí ẹ̀ pé á rò tẹ́lẹ̀ ni? Ṣé ohun míì bọ́ sáàárín tó já okùn? Ṣé ẹni tó fara pa ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kí òfò má bàa pọ̀ sí i? Èyí tó bá ṣubú lórí ọ̀kan, ẹ fa igi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tíì pa á rẹ́, torí lọ́yà lè rí ọ̀nà tí ẹ ò rí.

Aṣọ ẹbí yẹn, fún àpẹẹrẹ, kò jìnnà rárá. Pé ẹni tí wọ́n gbá lọ́wọ́ lè pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ta ni kò mọ̀? Ibòmíì ni ewu rẹ̀ wà. Bí ₦210,000 náà bá ti wà nínú èrè oṣù kejì tí ẹ ṣírò, tí ẹ tún kọ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ ti béèrè owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ á rí i, á sì fi í ba ìyókù ìwé yín jẹ́ lójú adájọ́. Ẹ yan ọ̀kan.

Irú ìpalára ni, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó

Ibí yìí ni àwọn olùjẹ́jọ́ ti máa ń gbìyànjú láti yọ. Wọ́n á ní, "Ta ló lè mọ̀ pé ó máa le tó báyìí?" Ìdáhùn òfin ni pé kò pọn dandan kí wọ́n mọ bó ṣe máa le tó, tàbí ọ̀nà gan-an tó máa gbà ṣẹlẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣeé rí, ó tó.

Ẹjọ́ Hughes ló là á mọ́lẹ̀ jù. Ní Edinburgh ní 1958, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ihò abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ láìsí olùṣọ́, wọ́n ta àgọ́ bò ó, wọ́n gbé àtùpà elépo sí i láyìíká. Àwọn ọmọdé wọlé lọ ṣeré. Àtùpà já sínú ihò, epo di èéfín, ó bú gbàù, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan jóná gidigidi. Pé ó máa bú gbàù, ẹnì kan ò lè rò ó. Ṣùgbọ́n pé àtùpà tí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé lè jó ọmọdé, ìyẹn hàn kedere, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sì dá ọmọ náà láre ní 1963. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹjọ́ Doughty lọ sódì kejì: ìdérí já sínú ìkòkò kẹ́míkà gbígbóná ní ilé iṣẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ó bú jáde, ó jó òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ìtasílẹ̀ ló ṣeé rí tẹ́lẹ̀, bíbú jáde kò ṣeé rí. Èmi kò rò pé ẹjọ́ méjèèjì yìí bára mu dáadáa. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ẹ lè mú lò wà níbẹ̀: bí ẹ ṣe pe orúkọ ìpalára ló ń pinnu bóyá ó wọlé. Ẹ pè é ní orúkọ tó fẹ̀. "Egbò iná" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "egbò láti ara ìbúgbàù kẹ́míkà."

Ohun tó so mọ́ èyí ni ọ̀rọ̀ agbárí tó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Bí ẹ bá gbá ẹni tí ara rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀, bí ẹ ṣe bá a lẹ máa gbà á. Nínú ẹjọ́ Leech Brain ní 1962, irin yíyọ́ ta sí òṣìṣẹ́ kan létè, ó jóná díẹ̀. Ojú egbò náà di jẹjẹrẹ, ó pa á, torí àìsàn náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n san owó ikú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde tó mú kí egbò pẹ́ kó tó jiná, ẹ má fi pamọ́ fún lọ́yà yín bíi pé àbùkù ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́: bí ara ṣe wà kí ìjàǹbá tó dé, ohun tí ìjàǹbá fi kún un, àti bí ì bá ṣe rí ká ní kò sí ìjàǹbá. Bí kẹta yìí kò bá sí nínú ìwé, olùjẹ́jọ́ á ní àìsàn àtijọ́ ló ń dà yín láàmú.

Ohun tó bọ́ sáàárín

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń sọnù ní ilẹ̀ wa rèé. Ọwọ́ ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ní iṣẹ́ abẹ ni, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ẹbí gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun níbìílẹ̀. Wọ́n di igi mọ́ ọwọ́ náà pinpin. Ọjọ́ kẹta, ìka tutù, ó ń dúdú, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn padà, gígé ló kù. Ta ló ni ọwọ́ tí wọ́n gé?

Olùjẹ́jọ́ á ní òun ṣẹ́ ẹ ni, òun kọ́ ló gé e. Ohun tí adájọ́ máa wò ni bóyá ìgbésẹ̀ tí ẹ gbé bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú ipò tí ẹ wà. Ẹjọ́ méjì tó jáde ní 1969 fi bí ìlà ṣe tín-ín-rín tó hàn. Nínú ẹjọ́ McKew, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di aláìlágbára sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ga, tí kò ní ohun ìfọwọ́dì, láìdúró de ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yẹ̀, ó fò, ó tún ṣẹ́ egungun. Kò gba owó èkejì. Nínú ẹjọ́ Wieland, obìnrin tí wọ́n so nǹkan mọ́ lọ́rùn lẹ́yìn ìjàǹbá bọ́ọ̀sì kò lè lo gíláàsì ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó gba owó rẹ̀. Ọkùnrin yẹn fara rẹ̀ wewu. Obìnrin yìí ń rìn bí ẹlòmíì ṣe ń rìn.

Bí ẹ bá ti lọ sọ́dọ̀ atoegun, ẹ kó ẹ̀rí tó ń sọ ìdí rẹ̀ jọ: ìwé tí ilé ìwòsàn kọ iye tí wọ́n béèrè sí, ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá sanwó, ẹ̀rí pé ẹ kò ní in. Bí dókítà bá ti kìlọ̀ kedere pé ẹ má kúrò níbẹ̀, tí ẹ sì fọwọ́ síwèé pé ẹ kọ ìtọ́jú, ẹ sọ fún lọ́yà yín láti ọjọ́ kìíní. Ó lè pín ẹjọ́ sí méjì: owó eegun tó ṣẹ́, tó dájú, àti owó gígé, tí ẹ máa jà fún. Ẹ má jẹ́ kí èkejì fa èkíní lulẹ̀.

Àṣìṣe dókítà yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ́ni léegun yẹ kó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló ń rán èèyàn lọ, àti pé ìtọ́jú kì í fìgbà gbogbo lọ déédéé. Àṣìṣe lásán kì í já okùn. Èyí tó burú kọjá ààlà nìkan ló lè já a.

Àìlówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ẹjọ́ Liesbosch ní 1933, ìlànà tó wà ni pé òfò tó pọ̀ sí i torí olùpẹjọ́ kò lówó lọ́wọ́ jìnnà jù. Ìlànà tó le mọ́ mẹ̀kúnnù ni. Ní 2003, nínú ẹjọ́ Lagden, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba fi í sílẹ̀: bí ẹ ṣe bá olówó lẹ ṣe máa bá aláìní. Ìdájọ́ Ìlú Ọba kò de adájọ́ wa mọ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù tí télọ̀ wa pàdánù kì í ṣe ohun tí a máa yọ kíákíá. Ẹ mú ìwé àdéhùn ilé, lẹ́tà onílé, àti àkọsílẹ̀ báńkì tó fi hàn pé kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, owó ilé kì í pẹ́. Bó bá ti jẹ gbèsè ọdún kan ṣáájú, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti lé e jáde nìyẹn: dánfó kọ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti dín òfò kù. Bí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tó lè ránṣọ, tí wọ́n tì í pa fún oṣù 5, adájọ́ á béèrè ìdí. Bó bá sì san owó fún télọ̀ míì láti parí aṣọ ẹbí, owó yẹn pàápàá wọ inú òfò tó lè gbà padà, kódà bí ìgbìyànjú náà kò bá mú èrè púpọ̀ wá.

Físà Kánádà ńkọ́? Owó tí ẹ san fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ṣòfò ṣeé béèrè, bí rìsíìtì bá wà. Owó oṣù tí ì bá gbà lọ́hùn-ún kò ṣeé béèrè. Kò tíì ní físà, kò tíì níṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ lórí fóònù náà kò wọlé. Ìyá tó dúró lẹ́bàá títì, tó fojú ara rẹ̀ rí i tí mọ́tò ń gbá ọmọ rẹ̀, tí àìsàn ọpọlọ tí dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ àti ẹ̀rí tí ẹ máa fi gbè é

Òfò tó ní iye pàtó, ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ní kí a kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ẹ̀rí tó múná gbè é. Ìrora àti ìgbádùn ayé tó dín kù kò nílò rìsíìtì. Ìwé dókítà àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló ń gbé e. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Olùpẹjọ́ pàdánù owó iṣẹ́ tó tó ₦2,000,000." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n á dà á nù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹta di ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, olùpẹjọ́ kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún ránṣọ. Owó tó ń wọlé lóṣù jẹ́ ₦160,000. Òwú, iná àti owó ọkọ̀ ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ₦55,000. Èrè ₦105,000 lóṣù, fún oṣù 5, jẹ́ ₦525,000." Ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n wọn sí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà, ẹ má tún un kọ.

Ẹ̀rí pé ó ṣeé rí tẹ́lẹ̀ ló máa ń tètè pòórá. Ẹ ya àwòrán táyà tó ti gbó, ojú títì tí kò ní àmì táyà lára, àti nọ́ńbà mọ́tò, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ béèrè ìròyìn àwọn tó yẹ mọ́tò náà wò kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àwòrán fóònù àti àkọsílẹ̀ báńkì tí a tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 mu, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìròyìn ọlọ́pàá ní láti jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pé òótọ́ ni. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì lásán kì í wọlé.

Àsìkò ńkọ́? Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni fún ẹjọ́ ìpalára. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta péré. Àmọ́ kíkánjú náà ní ewu tirẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹjọ́ ìpalára kan. Bí ìdájọ́ bá ti jáde, tí oríkèé ọwọ́ náà bá le gan-in lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò lè padà wá. Kí lọ́yà tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ ohun tó ṣeé ṣe kó yọjú lọ́jọ́ iwájú: iṣẹ́ abẹ láti yọ irin, ìrora inú oríkèé, ọdún tí ọwọ́ náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, àti iye tí ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni lónìí.